Olóríburúkú Ẹgbẹ́ Pelikános

Láti ìgbà tí irun orí Eufemio ṣì dúdú ló ti ń gba ti Pelikános, ẹgbẹ́ agbábésíbọ́ọ̀lù ìlú Baní, àtìgbà náà ni wọ́n sì ti ń já a kulẹ̀. Ta ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi? Kì í ṣe àwọn ọ̀gbẹ́ni tó ń gbowó ńlá tí wọn ò lè mú bọ́ọ̀lù tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Eufemio ni. Gbogbo àdúgbò ti gbà pé bó bá ti fojú kan tẹlifíṣọ̀n báyìí, Pelikános pàdánù nìyẹn.

Nígbà tí Pelikános wá dé àṣekágbá, Nereida ìyàwó rẹ̀ ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. "Bàbá Yuberkis, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó ti àwọn adìẹ lẹ́yìnkùlé."

Ó lọ. Àwọn aládùúgbò gba àga rẹ̀, wọ́n ń mu bíà tó fowó ara rẹ̀ rà. Ó ń gbọ́ ariwo ayọ̀ wọn. Lójijì, ilé pa lọ́lọ́, ẹnì kan sì bú sẹ́kún.

Pelikános ti fìdí rẹmi. Inú Eufemio dùn bí ẹni tí kóòtù dá sílẹ̀. Ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ojú ta ló bà á jẹ́ lónìí o?"

Nereida wò ó tìfura-tìfura. "Ṣé ẹ ò gbàdúrà fún wọn lọ́hùn-ún ṣá?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Eufemio. Ó ti gbàdúrà fún wọn.