Ìgò Omi Àdúrà Lára Sítíárì

Ní gbogbo Ring Road, kò sí dírẹ́bà tó gbọ́ èdè mọ́tò bíi tèmi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n àwọn tó ka yunifásítì ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ jíìpù wọn lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn mọ́tò tó ń tọ ìlà funfun ojú títì fúnra wọn wọ ìlú, èmi ni mò ń là á yé àwọn dírẹ́bà ní Challenge.

"Ó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni, kò gbapò rẹ. Bí o bá gbọ́wọ́ kúrò lára sítíárì, á ké."

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ń wa irú rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní Bódìjà. Ó ní òun ti rí ẹ̀rọ̀ igbe náà. Ó so ìgò omi àdúrà mọ́ apá kan sítíárì, mọ́tò sì dákẹ́.

"Wòlíì, ìwúwo ìgò yẹn ni mọ́tò rò pé ọwọ́ èèyàn ni."

"Àìgbàgbọ́ ló ń dà ọ́ láàmú. Wọlé, kí o wá wò ó."

Èkó ló ń lọ gbé ọ̀gá rẹ̀. Mo wọlé, torí mo mọ̀ pé obìnrin yẹn náà á jókòó sínú ẹ̀ bọ̀, mo sì fẹ́ kó tú ìgò náà kúrò ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A kọjá Toll Gate, ó gbọ́wọ́ lé itan, ó ń kọrin ìjọ lábẹ́ ahọ́n. Sítíárì ń yí díẹ̀díẹ̀, ìgò ń mì. Àfi bí ẹni pé òkú kan jókòó lé e lẹ́sẹ̀, tó ń wa mọ́tò.

Níwájú, wọ́n ń tún títì ṣe. Wọ́n ti darí ọkọ̀ sósì, ṣùgbọ́n ìlà àtijọ́ ṣì lọ tààrà, ó wọ abẹ́ kọnkéré tí wọ́n fi dí ọ̀nà. Mọ́tò tọ ìlà.

"Di sítíárì mú!"

"Fọkàn balẹ̀, Ẹ̀mí ló ń wà á."

Mo nawọ́, mo fa sítíárì sósì. Kọnkéré gé dígí ẹ̀gbẹ́ lọ.

Nígbà tá a dúró, ó ní, "O ò rí i? Omi yẹn ló ní kí o wọlé."

"Tí n ò bá wọlé lọ́la ńkọ́?"

Ó wo ibi tí dígí ti gé kúrò. Lẹ́yìn náà ló bi mí: "Ta wá ló ń wà á bọ̀ láti Toll Gate?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó tú ìgò náà, ó fọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú. Kò kọrin mọ́ títí a fi dé Èkó.

Àwọn dírẹ́bà Challenge máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ọ́ fún wọn. Èmi, bí mo bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni nínú mọ́tò báyìí, n kì í wo títì. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò.