Ọdán Tí Ẹnu Mi Gé

Igi ọdán kan wà tẹ́lẹ̀ ní Ifangni wa, níbi tí àwọn sẹ́míjàn, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ti máa ń dúró. Ibòòji rẹ̀ tutù. Mo fojú ara mi rí adìyẹ kan tó wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tó sín lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì jáde lọ yá oòrùn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi adìyẹ náà.

Ìlú ti kún. Páànù lókè, símẹ́ńtì nílẹ̀. Gbogbo igi tó wà lójú ọ̀nà yẹn ti lọ, ọdán yẹn nìkan ló kù. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó mi, ìyá ilé mi, ti ń ta gàrí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Orókún rẹ̀ kò gbé e dé ọjà Igolo mọ́, nítorí náà ibẹ̀ nìkan ni ọjà tó kù fún un. Èmi náà a máa lọ jókòó tì í lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, láti ràn án lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ tí mo ń ṣe ni ọ̀rọ̀ sísọ. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, àwọn sẹ́míjàn a pé jọ. Bí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀, ebi a pa wọ́n. Bí ebi bá pa wọ́n, wọn a ra gàrí. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà lọ́dọ̀ tíṣà tó ń fi Faransé nà wá, ṣùgbọ́n òwò yẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ mi.

Irọ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti igi náà fúnra rẹ̀. Mo ní bàbá mi ló gbìn ín. Mo ní ó gbìn ín ní òwúrọ̀ Jímọ̀, nígbà tí yóò sì fi kírun tán, ẹyẹ ti yé ẹyin sórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹyin mélòó?" ọ̀kan nínú wọn a bi mí.

"Mẹ́ta. A dín ọ̀kan jẹ."

Wọn a máa lu ìjókòó alùpùpù wọn, wọn a rẹ́rìn-ín títí.

Òótọ́ rẹ̀ nìyí. Àlejò ni bàbá mi ní Ifangni. Láti Tchaada ló ti wá, ẹbí onílẹ̀ kan ló fún un ní ibi tí yóò dá oko sí àti ibi tí yóò sùn. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àlejò lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin ohunkóhun tó máa tán lẹ́yìn ìkórè. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó gbin igi ti sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rù òfin yìí débi pé bó bá jẹ máńgòrò tán, ó máa ń gbé kóró rẹ̀ lọ fún onílẹ̀. Ọdán yẹn, ẹlẹ́ran kan tó ń kọjá lọ sọ́jà ló kan èèkàn mọ́lẹ̀ láti so ewúrẹ́ rẹ̀. Ó tú ewúrẹ́ lọ, ó gbàgbé èèkàn. Èèkàn rú ewé.

Nígbà tí àgbà ẹbí onílẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ló bọ́ sí ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí a ṣe kírun tán, ó yà sí abẹ́ igi.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Mo gbọ́ pé bàbá yín ló gbin igi yìí. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ìyá ilé mi fi agolo tó fi ń wọn gàrí gbá mi lẹ́sẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ: ọmọ mi, àwàdà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn sẹ́míjàn ń wò mí lẹ́nu. Mo na ọrùn bí àkùkọ.

"Bàbá mi ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbìn ín."

"Voilà, mo ti gbọ́. Ẹ ṣé, Bàbá." Ó kí ìyá ilé mi, ó lọ.

Àwọn sẹ́míjàn bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò sọ ti ẹyin fún un!"

Ìyá ilé mi kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá wọn, ẹ sáré tẹ̀lé e."

Mo ní n óò lọ lọ́la. Lọ́la, òjò rọ̀. Ọ̀túnla, mo rí nǹkan mìíràn ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn tí ọmọ onílẹ̀ rán gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì dé. Kó tó di ìrun ọ̀sán, igi ti wà nílẹ̀. Àwọn ẹyẹ ń fò yí òfìfo ká, wọn ò mọ ibi tí wọn yóò bà sí. Èyí kì í ṣe irọ́.

Mo lọ bá ọmọ onílẹ̀. Mo ní irọ́ ni mo pa.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ ní Jímọ̀?" Ohùn rẹ̀ kò le. "Èmi náà ṣeré lábẹ́ igi yẹn ní kékeré. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú, tí ọmọ yín ní bàbá bàbá òun ló gbìn ín, kí ni ọmọ tèmi yóò wí níwájú adájọ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin òmíràn. Ó gbà, bí mo bá lè sọ òótọ́ lójú gbogbo èèyàn.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo dúró ti kùkùté náà.

"Àlejò ni bàbá mi. Kò gbin igi kankan rí."

"Bàbá tún ti gbé òmíràn dé!" ni wọ́n ń pariwo. Ọ̀kan ní, "Ẹyin ńkọ́?"

"Kò sí ẹyin."

Ẹ̀rín náà kú sí wọn lẹ́nu.

Ọmọ onílẹ̀ ri igi ọdán tútù kan mọ́lẹ̀. Ó ti rú ewé díẹ̀, tí kò lè ṣíji bo èèrà. Kí ibòòji rẹ̀ tó gba ẹni kan, èmi àti ìyá ilé mi yóò ti wà nínú ilẹ̀. Àwọn sẹ́míjàn ti kó lọ sí abẹ́ páànù ní òdìkejì títì. Ìyá ilé mi wá jókòó sínú oòrùn pẹ̀lú igbá gàrí rẹ̀, ó fi gèlè bojú. Láti ọ̀sán títí di ìrun Alásàrí, èmi ni mo ń na agboòrùn lé e lórí. Apá a máa ro mí. N kì í sọ ìtàn níbẹ̀ mọ́.

"Bàbá wọn, ẹ gbé e sọ́tùn-ún díẹ̀. Oòrùn ti dé ọrùn mi."

Mo sì gbé e.