Ata Àjíbíkẹ́ Nínú Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ọ̀dà

Mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí Ìyá Jẹ̀lílì kó dé ilé wa ní Ibafo ní ọdún 2004, mo rò pé orí ìyá náà ti dàrú. Ta ló ń gbin ata sínú omi? Nínú pálọ̀! Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé wọn, ó dá ihò sí ọmọrí wọn, igi ata kọ̀ọ̀kan sì yọrí láti inú ihò. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ rárá. Aránṣọ ni mí, yàrá mi ló kọjú sí tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ràn ìdọ̀tí.

Mo ní, "Ìyá Jẹ̀lílì, ṣé ẹ̀fọn lẹ fẹ́ máa sìn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ọmọrí. "Ìyá Tóbi, wá wo gbòǹgbò ẹ̀. Ṣé o ti rí gbòǹgbò tó ń mí rí?" Ó funfun bí òwú ìránṣọ mi, ó ta jáǹtirẹrẹ sínú omi. Mo ṣe bí ẹni pé kò jọ mí lójú.

Wúlẹ̀mọ̀tù lorúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní lábù ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ifo. Kì í ṣe tíṣà o. Òun ló ń fọ ìgò. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, àwọn ọmọ kíláàsì ìparí máa ń to ìgò omi sórí tábìlì, wọ́n á gbin nǹkan sínú wọn. Ìgò àkọ́kọ́ á ní gbogbo oúnjẹ tí ohun ọ̀gbìn ń jẹ. Wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò nínú ti ìkejì, wọ́n á yọ òmíràn kúrò nínú ti ìkẹta, kí wọ́n lè rí ohun tí ebi á fi ewé ṣe. Àwọn ọmọ á ṣe ìdánwò tán, wọ́n á lọ. Wúlẹ̀mọ̀tù ló ń kù sẹ́yìn tó ń wò wọ́n.

Tí ewé ìsàlẹ̀ bá pupa rúsúrúsú látòkè délẹ̀, á ní fatiláísà ló ń béèrè. Tó bá jẹ́ pé iṣan ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí ara rẹ̀ nìkan pupa, á bu ìwọ̀nba iyọ̀ ìyàgbẹ́ tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì sí i. Á po fatiláísà mọ́ omi, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á bu omi là á títí kò fi ní le mọ́. Mo ní kó bù ú dáadáa kí ata lè yó. Ó ní, "Háà! Tó bá le jù, gbòǹgbò ló máa jó." Láràárọ̀ á bu omi náà sókè, á dà á padà kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀.

Kì í ṣe eré ló ń ṣe. Ìyá rẹ̀, Àjíbíkẹ́, ló ni ata náà, lóko wọn lẹ́yìn Ifo. Ata gígùn ni, ó wọ́, òórùn rẹ̀ sì máa ń gba gbogbo ilé tó bá ń hó lórí iná. Títí dé ọjà ni wọ́n ń pè é ní ata Àjíbíkẹ́. Ìyá kú, ẹbí ta ilẹ̀, katakata wọlé. Wúlẹ̀mọ̀tù sáré débẹ̀, ata mẹ́ta péré ló rí ká, ó dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù. Wọn ò tíì gbó dáadáa, ọ̀pọ̀ hóró wọn kò hù. Láńdílọ́ọ̀dù wa ti da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá, adìyẹ sì ṣá èyí tó gbìn sínú agolo níta jẹ. Àwọn méjì tó gbà sílẹ̀ ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Tí wọ́n bá kú, ata ìyá rẹ̀ tán láyé nìyẹn.

Ní gbogbo àsìkò òjò, wọ́n ń dàgbà, inú Ìyá Jẹ̀lílì dùn. Ọyẹ́ dé báyìí, ọ̀rọ̀ yí. Ewé pupa, ó ká kò. Ó fi kún oúnjẹ, ó dín in kù, ó bu iyọ̀ sí i, kò gbọ́. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan kú. Ó gbé gbòǹgbò rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́: ó ti kúrú, ó ti dúdú, ẹnu rẹ̀ sì wú. Mo rò pé ó máa sunkún.

Ó ní, "Kí ló yí padà?"

Ìbéèrè yẹn ò tán fún ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló fín oògùn ẹ̀fọn? Ta ló sún bọ́kẹ́ẹ̀tì? Ó tilẹ̀ bi mí bóyá ooru áyọ́ọ̀nù mi ń dé ibẹ̀. Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ẹ̀sùn wo leléyìí, Ìyá Jẹ̀lílì? Èmi ni mo pa ata yín?" Mi ò kí i fún odidi ọjọ́ méjì.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó pè mí. Ife ìgò méjì wà lórí tábìlì. Ọ̀kan, omi dúrọ́ọ̀mù tí gbogbo ilé ń lò. Ìkejì, omi tó fà tààrà láti inú kànga. Ó kán omi fatiláísà sí méjèèjì. Ti kànga wà bó ṣe wà. Ti dúrọ́ọ̀mù ṣú bí omidùn, nǹkan funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì sísàlẹ̀ ife.

"Oúnjẹ ẹ̀ ló ń rì yìí," ó ní. "Nígbà òjò, omi òrùlé ni mò ń lò. Látìgbà ọyẹ́, dúrọ́ọ̀mù ni. Kí ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn, Ìyá Tóbi?"

Omi kànga wa máa ń pọ́n fún ẹrẹ̀, àwa ará ibí a sì máa ń ju álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò. Kò sẹ́ni tó tún ń kà á sí nǹkan tí èèyàn ń sọ. Omi òjò ni wọ́n ń lò ní lábù tó ti wá, kò mọ̀. Èmi gan-an ni mo sì ń jù ú sí i, nítorí ìmọ́tótó mi. Nígbà tí kànga fà, tí ẹrẹ̀ pọ̀, mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Álọ́ọ̀mù ni. Èmi ni."

Mo rí omi tó lé sí i lójú. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́: "Ṣé ó kù nílé? Mú un wá ká wò ó."

Ẹ ẹ̀ rí ìyá yìí bí! Ata ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ìwádìí ló ṣì ń ṣe. Ó fi ahọ́n kan álọ́ọ̀mù náà, ó fajú ro. "Ó kan. Ó ń fún ẹnu pọ̀. Ẹnu gbòǹgbò ńkọ́?"

A fọ gbòǹgbò èyí tó kù. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń fa omi rẹ̀. Èmi tí mo kórìíra ìdọ̀tí, mo gbé abọ́ omi ẹlẹ́rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi fún ọjọ́ méjì kó lè tòrò fúnra rẹ̀. Gbogbo ewé rẹ̀ já, ó ku igi lásán. Mi ò lè jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ kejìlá, ó pariwo orúkọ mi. Gbòǹgbò funfun kan ti yọ, ó tín-ín-rín bí irun orí. Mo fò sókè bí ọmọdé.

Ata mẹ́fà ló so. Àkọ́kọ́ tó pọ́n, orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ló ti là á. Ó pín hóró rẹ̀ sí méjì, ó di ọ̀kan sínú àjákù àǹkárá, ó fi í lé mi lọ́wọ́.

"Èmi tí mo fẹ́ẹ̀ pa á?"

"Ìwọ lo mọ ohun tó lè pa á," ó ní. "Tí tèmi bá bàjẹ́, tìẹ á wà."

Ó kó lọ sọ́dọ̀ Jẹ̀lílì, ọmọ rẹ̀, ní Mowe. Lọ́dọọdún mo ń gbin tèmi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2008, ọ̀kadà kan já ìyá náà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Áńkáṣíìfù àtijọ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfìfo. Ó ní eku ti wọ inú agolo irúgbìn òun, igi tó wà nílẹ̀ sì ti gbẹ nígbà tí òun wà ní ọsibítù.

Mo gba áńkáṣíìfù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa àpótí abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi tí mo ń kó hóró ata sí. "Ẹ jókòó, Ìyá Jẹ̀lílì," mo ní. "Ata Àjíbíkẹ́ wà."