Ebè Mélòó Lẹ Kọ Lọ́dún Yìí?

Bí ẹ bá dé Aráròmí, abà wa tó wà lẹ́yìn Ìpáò, tí ẹ sì gbọ́ ẹ̀rín obìnrin kan tó ń dún ju ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lọ, ẹ má wulẹ̀ béèrè ta ni. Péjú ìyàwó mi ni. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò sì tíì rí ibi tí mo lè sá sí.

Èmi ni Kọ́ládé, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Dayọ̀. Mo ti kọjá àádọ́rin ọdún. Iṣu ni mo ń gbìn, mo sì ní kókó díẹ̀ lódò. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé mi ò kì í yin ènìyàn lásán, pàápàá ẹni tí a jọ ń jẹun nínú ilé kan náà. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé obìnrin yìí ṣe ohun tí gbogbo wa ò lè ṣe, ẹ gbà mí gbọ́. Ó tiẹ̀ ń dùn mí díẹ̀ láti sọ ọ́, torí èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ìlera-Délé wá bá wa láti Ìkọ̀lé. Wọn ò wá èrè, wọn ò wá ìbò. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa gbé ìtọ́jú lọ sí àwọn abà tí kò ní ọsibítù. Ọ̀dọ̀ wa níbí, bí ara ènìyàn ò bá yá, orí ọ̀kadà ni yóò gbà dé Ìpáò, ọ̀nà náà yóò sì fi àìsàn mìíràn kún tàkọ́kọ́. Wọ́n ní ní Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ àwọn yóò dé, nọ́ọ̀sì yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun àti oògùn rẹ̀. Wọ́n tún ní kí á fún àwọn ní ẹnì kan láti inú abà tí àwọn máa kọ́ níṣẹ́, tí yóò máa mójú tó wa bí ọkọ̀ bá ti lọ.

Péjú ni wọ́n mú. Ó ka ìwé mẹ́fà, kò sì sí ilé tí kì í wọ̀. Ó lo ọjọ́ márùn-ún ní Ìkọ̀lé, ó sì gbé báàgì kan dé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ó gbé báàgì náà kọ́ èjìká, ó ń yan káàkiri inú yàrá.

Mo ní, "Ẹ wo dókítà onígàrí!"

Ó ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Bàbá Dayọ̀. Ọjọ́ tí ara bá ń ro yín, ọ̀dọ̀ mi náà lẹ ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n rán sí wa ń jẹ́ Àánúolúwapọ̀. Ọmọ kékeré ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé. Yóò kúnlẹ̀ kí àgbà kó tó jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀. Yóò ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ara le?" Àwa náà yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara le koko." Yóò bi wá bóyá ohun kan wà tó ń ṣe wá. Kò sí o, Ọlọ́run ń ṣe é. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá ń lọ, a ó di iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ fún un, a ó sì ṣàdúrà kí wọ́n délé láyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kí ẹ má baà rò pé òpè ni wá. Wọ́n tọ́ wa pé ènìyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Bí wọ́n bá kí ọ, o dúpẹ́. Bí o bá ń gbọ̀n, o dúpẹ́. Kí wá ni kí arúgbó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, lójú àlejò, lójú àna rẹ̀, kó máa ka ibi tó ń dùn ún fún ọmọ tí ì bá bí? Èmi ò lè ṣe é.

Báyìí la ṣe ń dúpẹ́ títí oṣù mẹ́jọ fi kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀ oṣù kẹsàn-án, nọ́ọ̀sì fa Péjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

Ó ní, "Màmá, àwọn ọ̀gá mi ní Ìkọ̀lé ti wo ìwé Aráròmí. Ẹni mẹ́rin péré ló ń gba ìtọ́jú níbí. Wọ́n ní ara yín le ju tàwọn abà yòókù lọ, pé kí á gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí aláìsàn wà. Bí a ò bá rí tó ogún ènìyàn lóṣù tó ń bọ̀, a ò ní padà wá mọ́."

Ha! Péjú bínú débi pé gàrí tó ń yan lọ́jọ́ náà jóná. Kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń ro gàrí tó ti jó, ó ń pariwo pé, "Ara le! Ara ta ló le? Ṣé ti Ẹlúyẹmí ọ̀rẹ́ yín, tó máa ń dúró lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ti odò délé, ló le? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́! Ọkọ̀ á lọ, ẹ ó wà níbí, ẹ ó máa dúpẹ́ títí wọn yóò fi gbé yín sin!"

Ó lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ̀ wọ́n. Gbogbo ilé ló fún un lómi mu, gbogbo wọn ló sì sọ fún un pé ara le. Ó padà dé, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí Péjú àti ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹlúyẹmí ń kọjá lọ sí oko. Ọ̀rẹ́ mi ni, ààlà oko rẹ̀ ló bá tèmi pàdé. Péjú ń gbálẹ̀ níwájú ilé, ó kí i, ó bi í bóyá ara le. Ẹlúyẹmí dúpẹ́. Péjú kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán ni, ó ní, "Oko ńkọ́?"

Ni Ẹlúyẹmí bá gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Háà, Ìyá Dayọ̀, oko ti fẹ́ di igbó mọ́ mi lọ́wọ́ o. Iṣu tí mo gbìn lọ́dún yìí ò tó nǹkan. Ọkọ́ yìí ti wúwo jù! Bí mo bá kọ ebè mẹ́wàá, àfi kí n lọ jókòó lábẹ́ igi, kí àyà mi tó ń lù kìkì rọlẹ̀." Ó ráhùn títí oòrùn fi yọ dáadáa.

Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ Péjú, kò gbálẹ̀ mọ́. Bí Ẹlúyẹmí ṣe lọ tán, Péjú wọlé lọ mú ìwé búlúù rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti bi ẹnikẹ́ni nípa ara mọ́. Ọ̀rọ̀ oko ló ń bi wọ́n. Ó bi àwọn ọkùnrin pé, "Ebè mélòó lẹ kọ lọ́dún yìí? Mélòó lẹ kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn?" Ó bi àwọn obìnrin pé, "Agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tí ẹ máa ń rù wálé, ṣé ẹ ṣì ń rù ú kún? Ta ló ń pọn omi yín báyìí?" Ẹ wá gbọ́ ẹjọ́! Ẹni tí kò ní sọ pé ẹsẹ̀ òun wú yóò bú ọ̀nà oko pé ó ti gùn sí i. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́ yóò ní oòrùn ayé ìsinsìnyí ò mọ́lẹ̀ tó ti àtijọ́. Péjú yóò kọ gbogbo rẹ̀, yóò wá rọra sọ fún wọn pé, "Bàbá, ọkọ́ yín kò wúwo sí i o. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá wa wò ó." Wọ́n ṣèlérí pé àwọn ó wá. Nígbà tí oṣù fi máa yí, orúkọ mẹ́tàlélógún ló wà nínú ìwé.

Mo wà nínú ilé, mò ń gbádùn gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń wo eré. Mi ò mọ̀ pé ó ti lọ sí oko Ẹlúyẹmí láti fojú ara rẹ̀ rí ebè, àti pé inú oko tèmi ló gbà padà wálé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gúnyán, ó gbé e síwájú mi, ó sì jókòó tì mí pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

"Bàbá Dayọ̀, ebè mélòó lẹ kọ lọ́dún yìí?"

Mo ní, "Ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹgbẹ̀rin, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi."

Ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣé," ó tẹ orí ba ìwé, ó pa á dé, ó sì gbéra lọ fọ ìkòkò.

Ọ̀ọ́dúnrún ni mo kọ. Igbó ti gba ìyókù. Ó ti di ọdún méjì tí orí ti ń fọ́ mi láàárọ̀, tí ojú mi sì máa ń ṣú bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sórí ebè. Mo pa á mọ́ra nítorí Olúdayọ̀, àkọ́bí wa tó wà ní Ìbàdàn. Ọjọ́ tó bá gbọ́ ni yóò gbé mọ́tò wá kó wa lọ sílé rẹ̀. Mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀: ẹ jókòó, ẹ wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹun, ẹ tún jókòó. Ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà mí ju ikú lọ. Ṣùgbọ́n ojú tì mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Gbogbo abà ti sọ òótọ́ oko wọn fún ìyàwó mi, èmi ọkọ rẹ̀ nìkan ni mo purọ́ fún un.

Ọjọ́bọ̀ pé, ọkọ̀ dé. Gbogbo àwọn tó ṣèlérí ló wá lóòótọ́, wọ́n wọ aṣọ ìsìn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹlúyẹmí ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Bàbá, ṣé ara le?"

Ẹlúyẹmí ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara le koko."

Ẹnì kejì bọ́ síwájú, òun náà dúpẹ́. Ẹnì kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè wo Péjú. Péjú dúró ti òpó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Omi ti gba ojú rẹ̀, síbẹ̀ kò la ẹnu, torí òun kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé náà.

Mi ò lè wò ó. Mo dìde láti ẹ̀yìn, mo sì pariwo ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

"Nọ́ọ̀sì! Ara mi ò le."

Ẹnì kan ní, "Ha, Bàbá Dayọ̀, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Mo ti sọ ọ́. Orí ń fọ́ mi. Ojú mi ń ṣú. Ẹgbẹ̀rin ebè tí mò ń fi yangàn fún yín, irọ́ ni. Ọ̀ọ́dúnrún ni mo kọ."

Ẹlúyẹmí yí padà, ó lanu. "Kọ́ládé! Ọ̀ọ́dúnrún? Ìwọ yìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo sì ń tijú tìẹ láti ọjọ́ yìí! Igba péré ni tèmi! Nọ́ọ̀sì, ẹ padà síbí, ẹ jọ̀ọ́. Àyà mi ń lù, ẹsẹ̀ mi wú, mi ò kì í sùn!"

Ìyá kan ní àyà ọ̀hún ò tó nǹkan, kí wọ́n wá wo orúnkún òun. Ẹlòmíràn ní òun ló yẹ kó ṣáájú, torí ó ti tó oṣù mẹ́fà tí òun ò ti lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pín ẹ̀bùn fún ẹni tí ara rẹ̀ bá burú jù. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n ta aṣọ sí igun kan, kí olúkúlùkù lè wọbẹ̀ lọ sọ tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ tó kúrò, orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì bá a lọ.

Nígbà tó kàn mí, Péjú fúnra rẹ̀ ló so ẹ̀rọ mọ́ mi lápá. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi fi díẹ̀ dín ní igba. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún un wọ̀n, ó ní kí n má dìde. Ó fún mi ní oògùn lójú ẹsẹ̀, ó ní ọ̀kan láràárọ̀, kí n má fo ọjọ́ kan. Péjú ṣí ìwé búlúù rẹ̀ láti kọ ọ́, mo sì yọjú wò ó. Orúkọ mi wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iyán. Kò kọ ẹgbẹ̀rin, kò kọ ọ̀ọ́dúnrún. Òfìfo ló fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní, "O ò kọ nǹkan kan?"

Ó ní, "Mò ń dúró dè yín ni."

Ọkọ̀ Ìlera-Délé ṣì ń wá títí dòní. Mi ò lọ sí Ìbàdàn. Dayọ̀ gbọ́, ó sáré dé, nọ́ọ̀sì sì sọ fún un pé bí bàbá bá ń lo oògùn, tó ń rìn lọ sí oko wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sàn ju ìjókòó lọ. Mo fẹ́ràn nọ́ọ̀sì yẹn gan-an. Ọ̀ọ́dúnrún ebè náà ni mò ń kọ lọ́dọọdún báyìí, Péjú yóò sì wá kà á fúnra rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ yóò máa dún dé oko Ẹlúyẹmí.

Bí ẹ bá kí mi lọ́nà, tí ẹ bi mí bóyá ara le, mo máa dúpẹ́. Ọmọlúàbí ni mí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní, kí n tó bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn, Péjú ti jókòó tì mí.

Ó ní, "Oko ńkọ́, Bàbá Dayọ̀?"

Mo ní, "Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí. Mi ò lọ lónìí."

Ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.