Ẹ̀yin Mélòó Lẹ Jọ Ń Jẹun?

Bí mo bá rí ẹni tó fa àpótí sún mọ́ aláìsàn, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó wà ní ilé ìwòsàn Pobẹ̀ ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Dókítà là ń pè é. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń dúró jágbe mọ́ wa bí òyìnbó. Òun a jókòó, a ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń jẹun nílé?"

Ìbéèrè yẹn máa ń bí mi nínú. Kí ni tirẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa?

Ikọ́ wá dá ìyá mi dùbúlẹ̀ ní Issaba, ìlú wa. Ẹ̀ẹ̀mejì la gba oògùn, ó ń rù sí i ni. Nígbà tá a padà lọ bá Dókítà, ó tún bèèrè. Ìyá mi ní méje ni wá.

"Oògùn ńkọ́? Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń lò ó?"

Ìyá mi wolẹ̀. "Méje náà ni. Mi ò lè máa dá ohun tó dáa jẹ nílé ọkọ mi."

Òótọ́ ni, èmi náà ti gbé tèmi mì. Dókítà kò jágbe. Lọ́jọ́ kejì, ó gun kẹ̀kẹ́ wá sílé wa, ó yẹ̀ wá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kó oògùn ìyá mi lé ìyálé rẹ̀ lọ́wọ́: "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa fún un. Ẹ má jẹ́ kó pín in."

Nígbà tí ara ìyá mi yá, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Pobẹ̀, èmi náà sì bá a lọ, ó gbé iṣu sísun fún Dókítà. Lójú wa, Dókítà pín in fún gbogbo aláìsàn tó wà níjòkòó.

"Tiyín nìkan mà ni!" ni ìyá mi wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, mi ò lè máa dá ohun tó dáa jẹ."