Ọjọ́ tí Ìyá Mi Àgbà Ṣe Brindisi

Gbogbo wa ti gbé ife sókè. Ọwọ́ ti ń ro àwọn ará Ítálì tó yí tábìlì ká, ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà kò tíì dé ibi Àmín.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ní Padova. Bàbá arúgbó tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ló ń ṣe ọjọ́ ìbí. Akọrin ni bàbá náà kí àìsàn ọ̀fun tó gba ohùn lọ́wọ́ wọn. Àdúrà òwúrọ̀ ìyá mi àgbà kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n á fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà títí, wọ́n sì ti ní àwọn máa kọ lẹ́tà sí amministratore, ẹni tó ń bójú tó ilé náà. Ẹ̀rù ń ba màmá mi pé wọ́n á lé wa jáde. Ìdí nìyẹn tí màmá mi fi din pọfupọ́ọ̀fù, tí a jọ gbé e lọ bá bàbá náà, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àtẹ̀gùn ilé.

Bàbá náà bu omi ọsàn fún wa, wọ́n ní ká ṣe brindisi. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé "mo gbé e wá fún ọ" ni, pé bí a ṣe ń gbé ife sókè fún ara wa ń jẹ́ brindisi, orin tí a ń kọ sí i náà ń jẹ́ brindisi. Ó gùn jù fún mi. Mo yíjú sí ìyá mi àgbà, tí wọn kò gbọ́ èdè Ítálì.

"Wọ́n ní kí ẹ ṣàdúrà."

Ìyá mi àgbà bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ̀dá ayé. Wọ́n la Òkun Pupa kọjá, wọ́n fi iná jó gbogbo ọ̀tá bàbá náà. Bí wọ́n bá ti dánu dúró láti mí, àlejò kan á gbé ife kanu, èmi á sì mi orí sí i pé ó tì o.

Nígbà tí wọ́n parí, bàbá náà bi mí pé kí ni wọ́n wí.

Mo ní, "Salute," ìyẹn ni pé kí ara le.

"Gbogbo ìyẹn? Salute nìkan?"

Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, mo fo ti iná. Mo ní, "Wọ́n bẹ Ọlọ́run kó dá ohùn yín padà, kí ẹ̀yin náà lè máa jí wa láàárọ̀."

Bàbá náà gbé ife kalẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá fi ìwọ̀nba ohùn híhá tó kù kọ brindisi. Ìyá mi àgbà ń pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé orin ọtí ni. Títí a fi délé ni wọ́n ń sọ pé Ẹ̀mí wà nínú orin yẹn. Amministratore kò rí lẹ́tà kankan gbà.

Ògbufọ̀ ni mí báyìí ní ọ́fíìsì kan ní Verona. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń fẹ́ kí n gé ọ̀rọ̀ kúrú. Bí àgbàlagbà kan bá ti sọ̀rọ̀ títí, tí wọ́n wá bi mí pé kí ló wí, mo máa ń ní kí wọ́n fa àga súnmọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.