Akajàǹbá àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Akajàǹbá ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, wọn kì í sì í fẹ̀rín pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ojú pópó ni pé kó gba ìròyìn jàǹbá ọkọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, kó wá fi àmì pupa sórí máàpù inú kọ̀ǹpútà níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Yàrá tó ti ń ṣe é kò ní fèrèsé. Fáànù ibẹ̀ a máa kérora bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ibì kan pupa ju gbogbo ibi yòókù lọ lórí máàpù náà. Àlàfo kan ni, láàárín kọ́ńkéré tó pín títì ńlá sí méjì, níbi tí ọkọ̀ ti ń ṣẹ́rí padà. Ẹni tó ń sáré bọ̀ látorí òkè kì í rí ẹni tó ń yí. Ó wo ìgbà tí jàǹbá ń ṣẹlẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe òru, kì í ṣe ọtí. Ojúmọmọ ni, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá ṣí. Ó bá dámọ̀ràn pé kí wọ́n dí àlàfo náà, kí ọkọ̀ máa lọ yí ní oríta oníná níwájú, níbi tí iná ti ń dá ọkọ̀ dúró.

Ẹ̀gbẹ́ àlàfo yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń lẹ táyà. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbà wọlé.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi tú síta. Ọkùnrin tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò kí Akajàǹbá mọ́. Ó kàn ń sọ sí afẹ́fẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹnìkan da ọ́ìlì dúdú sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ títí, àbàwọ́n ò lọ. Ìyá wọn pè é lórí fóònù, ó bi í bóyá ìjọba ló fún un lọ́mú.

Nígbà tí ọ́fíìsì pe àwọn ará àdúgbò sípàdé, kò sí àga tó ṣófo. Akajàǹbá ò tíì ṣàlàyé máàpù tán tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dìde. Kò gbóhùn sókè.

"Ẹ bá mi sọ fún obìnrin yìí pé kò mọ ọ̀nà yẹn. Àmì ló mọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Akajàǹbá dúró kí ariwo rọlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ta ló máa ń fa èèyàn yọ nínú ọkọ̀ níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni níbẹ̀ tí ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Irin tó fi ń tú táyà ló fi ń já ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ wọn ti gbẹ sí mi lára rí. Ṣé o wá bi mí léèrè kí o tó kọ̀wé?"

"Rárá. Ká ní mo rí ojú yín ni, mi ò bá tí lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi irọ́ kan ṣoṣo hàn mí nínú àmì yìí, màá yọ ọwọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹjú mọ́ máàpù tí wọ́n tàn sára ògiri. Kò rí irọ́ kankan fi hàn. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Wọ́n dí àlàfo náà. Akajàǹbá bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n la ọ̀nà kékeré sí ìdí àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní iṣẹ́ òun kọ́ ni láti máa wá oníbàárà fún onítáyà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó irin-iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí àdúgbò ẹ̀yìn, níbi tí ọkọ̀ ò ti pọ̀. Òjò dé, òjò lọ, àmì pupa tuntun ò bọ́ síbẹ̀. Ní oríta oníná, bọ́ńpà ló ń fọ́, kì í ṣe orí.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò padà pàdé nílé ìyá wọn lọ́jọ́ tí ara ìyá ò yá. Akajàǹbá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó kú níbi àlàfo náà mọ́.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mi ò fa ẹnikẹ́ni yọ mọ́. Ìyẹn ò ní kí n bá ẹ jẹun."

Ó gbé àwo rẹ̀, ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá wọn rọra dìde lórí ibùsùn, ó tẹ̀ lé e. Akajàǹbá nìkan ló jẹ tirẹ̀ nídìí tábìlì.